ÀKÓKÒ ỌLỌ́RUN ÀTI IṢẸ́ ỌWỌ́ WA

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìsìn ìdúpẹ́ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

  

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí àwa ìgbìmọ̀ àdúrà sọ̀rọ̀ lónìí, a bi ara wa pé ọ̀rọ̀ wo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sọ jù láàárín ọdún mẹ́wàá tí a ti ń pàdé. Ìdáhùn rẹ̀ kò pẹ́ rárá: “Àkókò Ọlọ́run ló dára jù.” A ń sọ ọ́ níbi ìkómọ, a ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú. A ń sọ ọ́ fún ọmọ tó jáde ní ilé-ìwé gíga ní Ẹ̀rúwà tí kò tíì ríṣẹ́. A ń sọ ọ́ fún tọkọtaya tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ láti ọjọ́ yìí wá. A sì ń sọ ọ́ nípa gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, tí a ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tí koríko sì ti hù bò ó.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ń sọ ọ́, ọ̀lẹ ń sọ ọ́, ẹni tí ẹ̀rù ń bà náà sì ń sọ ọ́. Bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn kan náà ni. Báwo wá ni èèyàn ṣe lè mọ èyí tí òun jẹ́ nínú wọn? Ìbéèrè yìí ni a gbé wá síwájú yín.

Òjò àti oko ṣíṣán

Àgbẹ̀ ni àwọn tó bí wa. Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀gúsí, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Ìbàràpá mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún òjò. Àgbẹ̀ kan lè rí òjò àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí ó da gbogbo irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ọ̀dá bá dá lẹ́yìn ìyẹn, yóò padà wá ra irúgbìn mìíràn. Ìkánjú ló ṣe é.

Àgbẹ̀ kejì wà. Òun jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán, ó ń sọ pé òun ń retí òjò. Kò ṣán oko, kò sun ún, kò kọ ebè, kò pọ́n àdá. Nígbà tí òjò dé nítòótọ́, tí gbogbo abúlé ń gbìn, ìgbà náà ló ń wá ẹni tí yóò bá òun ṣán igbó. Òjò Ọlọ́run rọ̀ sórí ilẹ̀ tirẹ̀ bó ṣe rọ̀ sórí ilẹ̀ àwọn yòókù, ṣùgbọ́n koríko ni òjò náà wò dàgbà fún un.

Òjò jẹ́ ti Ọlọ́run, oko ṣíṣán jẹ́ tiwa. Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Bíbélì mọ àgbẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Sọ́ọ̀lù ọba dúró ọjọ́ méje de Sámúẹ́lì ní Gílígálì. Nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ ogun ń tú ká lẹ́yìn òun, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rú ẹbọ tí kì í ṣe tirẹ̀ láti rú. Bó ti rú ẹbọ sísun náà tán báyìí ni Sámúẹ́lì yọ. Ìba ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù! Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ìdílé lóru kó lè sanwó fún ẹni tó ní òun yóò mú un dé òkè òkun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń kó owó ilé-ìwé ọmọ sórí tẹ́tẹ́, ẹni tó ń fún wòlíì lówó kó lè dá ọjọ́ fún un, ọ̀nà Gílígálì ni wọ́n ń tọ̀. A máa ń pe irú rẹ̀ ní ìgbàgbọ́, nítorí pé ó jọ ìgboyà. Kì í ṣe ìgboyà. Ẹ̀rù ló ń lé onítọ̀hún.

Ọmọ Òṣogùn

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlọ́, ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tó jẹ́ ará ilé wa. Òṣogùn, níbi tí wọ́n ti bí Àjàyí tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, wà ní agbègbè Ìsẹ́yìn, lókè wa lọ́hùn-ún. Àwa àti àwọn ará Òkè-Ògùn jọ ń ná ọjà, a jọ ń fẹ́ra wa. Ọmọ àdúgbò ni.

Ní ọdún 1821, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń tú, ogun kó Òṣogùn. Àjàyí jẹ́ ọmọ bí ọdún 12 tàbí 13. Wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra wọn lọ́rùn, òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Ní Ìsẹ́yìn wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, pàṣípààrọ̀ náà bàjẹ́, wọ́n tún gbà á padà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan sí èkejì títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Pọtogí ti rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí Sàró.

Ní Sàró, ọmọ tí ogun kó yìí kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1825. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó gun Odò Ọya, ìrìn àjò tí ibà ti pa òyìnbó bí 40. Ní 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Láti 1821 dé 1843 jẹ́ ọdún 22. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò mọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè. Kò sí lẹ́tà, kò sí fóònù, kò sí ẹni tó ń ti Òṣogùn bọ̀, nítorí Òṣogùn ti túká. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó kí ó máa sọkún, òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọdún náà dáadáa: kò sí èyí tí kò fi kọ́ nǹkan kan nínú wọn.

Oṣù méjìdínlógún ní Àgbádárìgì

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí. Ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1845, Àjàyí gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend, Charles Gollmer àti àwọn ará Sàró tí wọ́n jọ wá. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Townsend ti dé ibẹ̀ rí ní 1843, Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá sì ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Gbogbo nǹkan ti tò. Ìlérí wà nílẹ̀, ẹrù wà nílẹ̀, àwọn èèyàn wà nílẹ̀.

Kí wọ́n tó lè gbéra ni ìròyìn dé pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì wà lójú ọ̀nà, nítorí pé àwọn Ẹ̀gbá dó ti Adó. Ọ̀nà dí. Abẹ́òkúta tí ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀ rìn lè dé láàárín ọjọ́ mélòó kan di ibi tí wọn kò lè dé fún bí oṣù 18.

Kí ni àwa ìbá ṣe bí a bá wà nípò wọn? Àwọn kan nínú wa ìbá sọ pé Ọlọ́run kò sí nínú ìrìn àjò náà, wọn ìbá padà sí Sàró. Àwọn mìíràn ìbá fi tipátipá gba ojú ogun kọjá. Àwọn kan ìbá sì jókòó sétí òkun kí wọ́n máa ka oṣù.

Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kọ́lé sí Àgbádárìgì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́n tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní tí àwọn èèyàn ń lọ wò ó. Wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Wọ́n ń wàásù ní èdè Yorùbá láàárín ìlú. Àjàyí sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ lọ. Ẹ má gbàgbé irú ìlú tí Àgbádárìgì jẹ́ nígbà náà. Ọjà ẹrú ni. Ọkùnrin tí wọ́n ti fi pààrọ̀ ẹṣin rí ni ó ń rìn láàárín àwọn tó ń ta èèyàn, tó sì ń sọ fún wọn pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn. Bí a bá ń wá ìgboyà, kí a má wá a lọ sí ibòmíràn.

Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù Agẹmọ ọdún 1846, nínú ìgbà òjò. Wọn kò ní kí òjò kọ́kọ́ dá. Wọ́n wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Ògún.

Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún, obìnrin àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó ti gbọ́ pé Àjàyí wà nílùú. Àfàlà ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Àjàyí ni. Òun náà ti wọ oko ẹrú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà tí wọ́n ti já wọn gbà lọ́wọ́ ara wọn. Bí ọdún 25 ti kọjá. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde, omijé ló ń jáde. Ẹsẹ Bíbélì tí ìwé kàlẹ́ńdà ìjọ yàn fún ọjọ́ náà wá láti inú Sáàmù kẹwàá, níbi tí ó ti sọ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Àjàyí fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1848, ìyá náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Hánnà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ó sì wà láàyè títí di 1883.

Ohun tí a rí kọ́

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a mú níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, Àjàyí kò mọ̀ pé ìyá òun ni òun ń lọ bá. Iṣẹ́ Olúwa ló ń lọ ṣe. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ti ń fẹ́ láti ọdún 25 wà lójú ọ̀nà iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti pa iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa tì nítorí ohun tí a ń retí. Ta ló mọ̀ bóyá ojú ọ̀nà iṣẹ́ yẹn gan-an ni ohun tí a ń retí wà?

Èkejì, oṣù 18 yẹn kò ṣòfò. Ìwé tó ń túmọ̀ nígbà tí ọ̀nà dí wà lára iṣẹ́ tó bí Bíbélì Yorùbá. Láti 1850 lọ ni àwọn apá kan ti ń jáde láti ilé ìtẹ̀wé, gbogbo rẹ̀ sì pé ní 1884, tòun ti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mìíràn. Bíbélì tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí ìpàdé lọ́jọ́bọ̀, a ti ń ṣán oko rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta dí.

Ẹ̀kẹta, ibi tí Ọlọ́run yóò ṣílẹ̀kùn sí lè má jẹ́ ibi tí a ń kàn. Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Àgbádárìgì ní 1850. Ìgbòho ní Òkè-Ògùn ló ní lọ́kàn. Wọn kò jẹ́ kí ó kọjá. Ó dúró ní Abẹ́òkúta, ó ń kọ́ èdè wa títí ó fi lè kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Ìjàyè ló ṣí sí, lẹ́yìn náà Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Gbogbo wa la mọ ohun tí Ògbómọ̀ṣọ́ dà fún àwọn Onítẹ̀bọmi lónìí.

Nílé wa níhìn-ín

Ẹ lè sọ pé ìtàn àwọn ẹni mímọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa kò lè gbàgbé sòbìà. Bí ẹ̀rùn bá dé, tí oko ṣíṣán ń lọ lọ́wọ́, ìgbà náà ló máa ń dá àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Ìdèrè àti ní àwọn abúlé wa gbogbo. Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé inú ara èèyàn ni sòbìà wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, pé bí ó bá tó àkókò tirẹ̀, yóò jáde. Àkókò ni wọ́n kà á sí. Wọ́n ń dúró dè é.

Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá láti 1963, ló wá ń ṣàlàyé pé inú omi adágún tí a ń mu ni ó ti ń wọlé. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, télọ̀ ní Ìdèrè rán asẹ́ aláṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Àwọn ọmọ abúlé tó yọ̀ǹda ara wọn gbé e káàkiri, wọ́n ń kọ́ aládùúgbò wọn bí a ṣe ń lò ó. Asẹ́ aláṣọ lásán! Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ pátápátá lọ́wọ́ sòbìà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé-ìwé lónìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ti ń gbàdúrà nípa àrùn yẹn tipẹ́. Ọlọ́run dáhùn, ọwọ́ télọ̀ ni ìdáhùn náà sì gbà wá.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ kan tó ń dùn wá. Igbó-Ọrà ni ayé ń pè ní olú ìlú ìbejì. A ń jó, a ń yọ̀, láti 2018 ni àwọn àlejò sì ti ń wá síbi ọdún ìbejì wa. Ṣùgbọ́n oyún ìbejì a máa mú ewu tó ju ti oyún ọmọ kan lọ. Wọ́n lè dé ṣáájú oṣù wọn, ìfúnpá ìyá lè ga, ẹ̀jẹ̀ lè dà ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn ìbí. Ìlú tí Ọlọ́run fi ìbejì ta lọ́rẹ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ìlú tí aboyún ti ń rọbí láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ní “àkókò Ọlọ́run kò tíì tó,” nígbà tó yẹ kó ti wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà. Àdúrà kò bá ọsibítù jà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí oyún tó dàgbà. Ẹ ti fi owó ọkọ̀ sápá kan. Ẹ ti mọ ẹni tó ní mọ́tò tàbí ọ̀kadà tí ẹ lè kàn sí lóru. Ìyẹn ni oko ṣíṣán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbàdúrà, kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì bá yín ṣe àmín.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó tó àkókò?

Nehemáyà kọ́ wa dáadáa. Inú oṣù Kísílíù ló gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù wó lulẹ̀, oṣù Nísánì ni ọba tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Bí oṣù mẹ́rin ló fi ń gbàdúrà, tó ń gbààwẹ̀, tó sì ń gbé ọtí fún ọba bó ṣe yẹ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ọba béèrè. Ó gbàdúrà ráńpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó sì sọ iye ọjọ́ tí òun yóò lò, ó béèrè lẹ́tà sí àwọn gómìnà, ó béèrè igi lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọba. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ronú. Nígbà tó ń dúró ló ti ṣírò gbogbo rẹ̀.

Nínú ìyẹn, a rí ìbéèrè mélòó kan tí ẹni tó fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ lè bi ara rẹ̀. Ṣé mo ti ṣe apá tèmi tán? Bí ọ̀nà bá là lọ́la, ṣé mo ti múra? Ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yóò pa ẹlòmíràn lára, tàbí yóò mú kí n purọ́? Ṣé mo lè sọ ọ́ létí àwọn tó fẹ́ràn mi, tàbí òkùnkùn ni mo fẹ́ ti ṣe é? Bí kò bá sì bọ́ sí i bí mo ṣe rò, ṣé ẹnu mi yóò gbà láti sọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni mo ń wá? Ẹni tó bá rí ìdáhùn rere sí gbogbo rẹ̀ tí kò sì gbéra, ẹ̀rù ló ń bà á, kí ó má pe orúkọ Ọlọ́run mọ́ ọn.

Fún ẹni tó ṣì ń dúró

Àwọn kan wà láàárín wa tó ti ṣán oko, tó kọ ebè, tó gbin, tí òjò kò sì tíì rọ̀. Ẹ wà níhìn-ín, ẹ wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ń bá wa rẹ́rìn-ín. A mọ̀ yín. A kò ní sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré.

Àjàyí fúnra rẹ̀ kò rí gbogbo rẹ̀ gbà. Wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdu ọdún 1864, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n nígbà tó darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan nínú iṣẹ́ náà dìde sí i. Wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ní 1890. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1891. Ní ọdún 2014, nínú kàtídírà Canterbury yẹn kan náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby darí ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ọdún 123 ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba; nígbà mìíràn, ọmọ àti ọmọ ọmọ ni yóò gbọ́ ọ.

Nítorí náà, a kò lè bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́. Ẹ má gba ẹni tó bá ń dá a fún yín gbọ́, pàápàá bí ó bá ti béèrè owó. Ohun tí a lè ṣe ni kí a má jẹ́ kí ẹni tó ń dúró dá dúró. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nínú ìlú tí wọ́n ti ń bí ìbejì lọ́tùn-ún lósì, ẹ má béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń wojú Olúwa mọ́ pé ìgbà wo la ó wá jẹ ìkómọ. Ẹ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò, kí ẹ̀bi gbogbo má wà lórí obìnrin nìkan. Ẹ pe ọmọ tí kò ríṣẹ́, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ni a jẹ́ fún wọn.

Gbọ̀ngàn wa

Ẹ jẹ́ kí a parí rẹ̀ síbi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wà, ìwé rẹ̀ wà, ìpìlẹ̀ wà. Láàárín wa, àwọn kan ń sọ pé kí a dúró de ọmọ ìlú tó rí já jẹ. Àwọn kan ní kí a dúró de àkókò ìdìbò, kí olóṣèlú wá bá wa kọ́ ọ. Àwọn mìíràn ní kí a lọ yá owó èlé kí a sì parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lójú tiwa, àgbẹ̀ abẹ́ igi ọ̀dán ni àwọn méjì àkọ́kọ́, ẹni tó yá owó èlé sì ń lọ sí Gílígálì.

Ohun tí àwa ìgbìmọ̀ ń bẹ̀ yín fún ni èyí: kí a ṣán koríko orí ìpìlẹ̀ náà ní Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo wa, tòun ti àdá wa. Kí a wá máa dá iye tí ẹni tó kéré jù nínú wa lè dá lóṣooṣù láìjẹ gbèsè, kí a sì máa fi mọ ògiri díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé, kí akápò máa ka ìṣírò rẹ̀ sétí gbogbo ẹgbẹ́ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Kí a tó kan òrùlé, ọmọ tó ń múra fún WAEC lè jókòó sínú iyàrá kan kí olùkọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa máa kọ́ ọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa lè máa yẹ ìfúnpá àwọn aboyún wò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí Ọlọ́run bá wá gbé olówó kan dìde, a ó yọ̀, yóò sì bá wa lórí iṣẹ́. Àwa ìgbìmọ̀ ti kọ orúkọ tiwa sílẹ̀ ṣáájú kí a tó dìde sọ̀rọ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ọdún mẹ́wàá mìíràn ń bọ̀. A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Kí òjò tó dé, ẹ jẹ́ kí a ti pọ́n àdá. Olúwa yóò rọ òjò ìbùkún sórí oko gbogbo wa. Àwọn tó ń wojú Rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Aboyún wa yóò bí tìbí tire. Kò sí ẹni tí a ó wá tì láàárín wa nígbà tí a bá tún pé jọ. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa.